Pákó Funfun, Pákó Pupa: Ìhágún Káfíńtà Olórí-Pẹrẹsẹ

Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni káfíńtà àgbà nígbà kan rí nínú ọkọ̀ ogun ojú omi tí àwọn ọ̀gá sọ ní Ìrètí Òfurufú, tí àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ sì ń pè ní Olórí-Pẹrẹsẹ. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì mi, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ lọ wò ó níbẹ̀. Oníwọ̀n ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mí sí, nítorí pé n kò gé pákó kankan rí láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ yẹn ni mo fi fọwọ́ sí ìwé yìí, nítorí òun ni mo bà jẹ́, òun náà ni mo sì fẹ́ tún ṣe.

Mo jẹ́rìí pé ọpọlọ mi pé. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá bi mí pé ọjọ́ wo ni òní, mo sọ fún un. Ó bi mí pé ta ni olórí ìjọba, mo sọ fún un, mo sì fi ohun tí mo rò nípa rẹ̀ kún un láìgba kọ́bọ̀. Ó ní orí mi pé pérépéré. Orúnkún mi ni kò pé, orúnkún kọ́ ló sì ń kọ ìwé ìhágún.

Mo fagi lé ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti fọwọ́ sí ṣáájú èyí, pàápàá jù lọ èyí tí ọmọ mi ọkùnrin bá mi kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú èyí tí ó ti fi ọ̀wọ̀ ńláńlá pín gbogbo nǹkan fún ara rẹ̀.

Ìyá mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin yòókù tí lọ́yà ń kà á sí létí, ẹ fara balẹ̀ jókòó. Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, tí mo ti ń pè ní Ìyá mi láti ìgbà tí o ti ń rá, ọdún méjìdínlógún rèé tí o ti wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò nílùú yìí. Ìyá tó bí ọ kú ní oṣù méje sẹ́yìn. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin láti sọ fún ọ, mo sì fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ ikú, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sínú lẹ́tà. Nínú ìwé ìhágún, a lè fún un ní nọ́ńbà.

ÈKÍNÍ. Mo yan ènìyàn méjì láti mú ìwé yìí ṣẹ: lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé oníbúrẹ́dì, àti Kúùkù, ẹni tó se oúnjẹ fún wa nínú ọkọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́yà ni yóò bójú tó òfin. Kúùkù ni yóò bójú tó lọ́yà.

Kúùkù, mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ. Èmi pẹ̀lú rẹ kò tíì jọ sọ̀rọ̀ láti ọdún méjìdínlógún wá. Bí a bá pàdé nílé oníbúrẹ́dì, ìwọ á kí búrẹ́dì, èmi náà á kí búrẹ́dì, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n ẹran rẹ ló fà á. Máa kà á lọ, a máa dé ibẹ̀. Ìwọ ni mo yàn nítorí pé lẹ́yìn èmi, ìwọ nìkan lo mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí kí o tó ṣí i.

ÈKEJÌ. Ilé mi tó wà lẹ́yìn èbúté, yàrá mẹ́ta lókè, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àtẹ̀gùn onígbésẹ̀ mẹ́tàlá tí ìkẹsàn-án rẹ̀ máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀: mo fi ìdajì rẹ̀ fún ọmọ mi ọkùnrin, mo sì fi ìdajì fún ọmọ mi obìnrin. Ìdajì ti ọkùnrin ní ohun tí a so mọ́ ọn, ó sì wà ní ìpín keje. Má wulẹ̀ ṣí i síwájú, ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́.

Gbogbo àdúgbò ló ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé káfíńtà àgbà ń gbé ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń sunkún. Ìyá rẹ ni kò jẹ́ kí n tún un ṣe. Ó ní òun ló ń sọ ẹni tó ń bọ̀ fún òun: ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, èmi máa ń fò ó, ìwọ sì máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kọjá, láti kékeré, láìnídìí. Lẹ́yìn tí o lọ, ó gbé àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu àtẹ̀gùn, ó ń ránṣọ níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Ó ní òun ń gbatẹ́gùn. Kò sí atẹ́gùn kankan tó ń fẹ́ níbẹ̀, Ìyá mi. Àga náà di tìrẹ.

Ẹ̀KẸTA. Gbogbo irinṣẹ́ mi, ayùn mẹ́rin, òòlù mẹ́ta, ìfági tí èèkù rẹ̀ ti gba àmì àtẹ́lẹwọ́ mi, àti rúlà onígi tó ṣeé ká: ti ọmọ mi obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbọdọ̀ sọ pé mo rẹ́ òun jẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ní kó bá mi kan ìṣó, nọ́ọ̀sì ló bá wa parí iṣẹ́ náà.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni Jẹ́jẹ́ ti kọ́kọ́ rí ọ. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: Jẹ́jẹ́ ni àna mi, ọkọ ọmọ mi yìí, awakọ̀ bàálù àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sórí Olórí-Pẹrẹsẹ tí aṣọ rẹ̀ sì gbẹ. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan wàdùwàdù. Bí ó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ wo ife náà. Ó gbé àga bàálù rẹ̀ wá pé kí n bá òun tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣe. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí ẹsẹ̀ mìíràn tó ń mì. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mo ní, “Ọmọkùnrin, ẹsẹ̀ àga yìí ti tán. Wọlé lọ bá a sọ̀rọ̀.” Ìwọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ. Mo ń díbọ́n pé mò ń fági ni.

Ẹ̀KẸRIN. Ológbò mi, tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ológbò inú ọkọ̀, tí ń jẹ́ Ọ̀gá Kékeré nítorí pé ó máa ń sùn nígbà tí àwọn tó kù bá ń ṣiṣẹ́, tí á wá yọjú wá yẹ iṣẹ́ náà wò nígbà tó bá parí: mo fi fún télọ̀ tó wà ní ojúlé kejì. Kì í jẹ ẹja àná.

ÌKARÙN-ÚN. Fún Ọ̀gá Àgbà ọkọ̀ wa tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Ọ̀dà, mo fi agolo ọ̀dà funfun kan sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Kí Kúùkù gbé e lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì dúró títí yóò fi dúpẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ akẹ́rù èédú ni Olórí-Pẹrẹsẹ kí ó tó di ọkọ̀ ogun. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun ojú omi gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń fi bàálù fò láti orí ọkọ̀ ojú omi, ó sì di ọ̀ràn ìtìjú fún wa. Wọ́n gé àwọn òpó rẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ́ pèpéle pákó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo bi wọ́n pé ihò èéfín tó dúró gbagidi láàárín ńkọ́? Wọ́n ní awakọ̀ á yà fún un. Oṣù mẹ́fà la fi ń yà fún un, kí ẹnìkan tó rántí pé a lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàálù kìíní já sínú omi níwájú. Ìkejì já sínú omi lẹ́yìn. Ìkẹta náà já sínú omi, àmọ́ ìrù rẹ̀ ṣì yọ síta, Ọ̀gá Ọ̀dà sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé ìlọsíwájú ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn, ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Pákó là: ẹ kùn ún. Irin dógùn-ún: ẹ kùn ún. Nígbà kan tí òrùlé ilé ìdáná ń jò, Ọ̀gá Ọ̀dà ní kí wọ́n fi ọ̀dà kun báàkẹ́ẹ̀tì tí omi ń jò sí. A máa ń sọ láàárín ara wa pé ọ̀dà ló gbé ọkọ̀ náà léfòó, kì í ṣe irin. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa nígbà náà.

ÌKẸFÀ. Nínú àpótí ìṣó mi ni okùn kan, àpò iyanrìn kan àti ìwé pélébé kan wà. Ti ọmọ mi obìnrin ni. Okùn àti àpò náà kò wúlò fún ohunkóhun mọ́. Ìwé náà ni kó kà.

Báyìí ni bàálù ṣe ń dúró lórí Olórí-Pẹrẹsẹ. A máa ń na ogún okùn dábùú pèpéle, àpò iyanrìn kan ní ìdí okùn lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ìkọ́ wà lábẹ́ bàálù. Bí ó bá ti balẹ̀, ìkọ́ á mú okùn mélòó kan, bàálù á máa wọ́ àwọn àpò lọ títí wọn yóò fi dá a dúró. Bí àpò ọ̀tún àti tòsì bá wúwo bákan náà, á dúró gbọnrangandan. Bí wọn kò bá dọ́gba, á yí. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí bàálù bá máa fò, mo máa ń gbé ogójì àpò náà lọ sórí òṣùwọ̀n ẹran Kúùkù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, èmi ni mo máa ń dúró sí ẹ̀yìn pèpéle pẹ̀lú pákó kan tó ní èèkù, tí mo fi ọ̀dà funfun kun ojú kan rẹ̀, tí mo sì fi pupa kun èkejì. Funfun ni pé máa bọ̀. Pupa ni pé má wá, lọ balẹ̀ sí pápá tó wà ní etíkun. Pápá yẹn kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ogún ìṣẹ́jú péré, Ìyá mi.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Mínísítà àti àwọn àlejò rẹ̀ ń bọ̀ wá wo bàálù. Wọ́n máa jókòó sínú ọkọ̀ mìíràn ní ọwọ́ ọ̀tún wa. Ọ̀gá Ọ̀dà ti ní kí wọ́n fọ gbogbo àpò, kí wọ́n sì kùn wọ́n ní funfun ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, gbogbo wọn sì ti gbẹ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, èéfín ti fọwọ́ ba àwọn tọ̀tún díẹ̀, tọ̀tún sì ni Mínísítà máa rí. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tún wọn kùn. Tọ̀tún nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé iyanrìn tútù rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo lọ sí ilé ìdáná láti tún wọn wọ̀n. Ẹran Mínísítà wà lórí òṣùwọ̀n. Kúùkù ní, “Oníwọ̀n, ṣé iyanrìn rẹ ni kí n gbé fún àlejò jẹ ni? Bọ́ síta jàre!” Gbogbo ilé ìdáná rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá Ọ̀gá Ọ̀dà, mo ní àwọn àpò tọ̀tún ti mu omi, wọn kò dọ́gba mọ́. Ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n funfun?” Mo ní wọ́n funfun, sà. Ó ní, “Ó parí náà nìyẹn.”

Jẹ́jẹ́ ti gbéra nígbà yẹn. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ó yí wa po lẹ́ẹ̀kan, bó ti máa ń ṣe, ó ń wo ọwọ́ mi. Ọ̀gá Ọ̀dà dúró tì mí gbágbáágbá, ó ní, “Oníwọ̀n, gbogbo ayé ló ń wò wá o.” Kò fọwọ́ kan pákó náà. Kúùkù kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo dì í mú. Funfun ni mo gbé sókè.

Ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìkọ́ rẹ̀ mú okùn mẹ́ta. Bàálù náà yí sí ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n fà lápá, ó sì bọ́ sínú òkun. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Jẹ́jẹ́ kò jáde mọ́. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà lára ohun tí a fẹ́ fi hàn wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, Kúùkù gbé òṣùwọ̀n náà wá bá mi fúnra rẹ̀. Àpò òsì jẹ́ kílò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àpò ọ̀tún jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, lẹ́yìn tí oòrùn odidi ọjọ́ kan ti pa á. Ohun tí mo kọ sínú ìwé pélébé yẹn nìyẹn. Kúùkù ní, “Kí la máa ṣe báyìí?” Mo ní, “Lọ fọ òṣùwọ̀n rẹ.” Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn láàárín wa nìyẹn títí di òní.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó fún ọjọ́ kan ààbọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ni ààbọ̀ náà. Wọ́n kọ ọ́ pé ìkánjú awakọ̀ ló fa ìjàǹbá náà. Ìkánjú! Jẹ́jẹ́! Bí wọ́n bá ní ìyẹ́ ló hù, ì bá rọrùn láti gbà gbọ́. Wọ́n bi mí bóyá àwọn àpò dọ́gba. Mo ní wọ́n dọ́gba. Mo fọwọ́ sí i gàdàgbà, Oníwọ̀n. Nítorí òtítọ́ inú mi, wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n fún ìwọ ní ọjọ́ méje láti kó kúrò nínú ilé àwọn awakọ̀.

O wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. O ní, “Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ wọn àwọn àpò yẹn. Ṣé Jẹ́jẹ́ kánjú?” Mo ń fági lọ. Mo ní, “Afẹ́fẹ́ òkun ò ṣeé mọ̀.” O gòkè lọ, o tẹ ìgbésẹ̀ kẹsàn-án lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí o máa sọ̀kalẹ̀, àpótí rẹ ti wà lọ́wọ́.

Ìyá rẹ mọ̀. N kò sọ fún un, àmọ́ ó mọ̀. Lọ́dọọdún tí ọjọ́ náà bá pé, á gbé oúnjẹ síwájú mi, á ní, “Oníwọ̀n, ìgbà wo lẹ máa wọn ọ̀rọ̀ yìí tán?” Mo máa ń sọ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí, ó pẹ́ ní ọdún méjìdínlógún: rárá, Ìyá mi. Jẹ́jẹ́ kò kánjú. Ó wo ọwọ́ mi, ó sì gbà mí gbọ́.

ÌKEJE. Ọmọ mi ọkùnrin, o ti dé ibi tí ò ń wá. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí o ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ní ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun ojú omi, ìwé àwọn aláìmọ̀ọ́kà pẹ̀lú ti àwọn tó mọ̀ ọ́n kà jù. Mú ẹ̀dà ìwé yìí, pẹ̀lú ìwé pélébé náà àti àmì ẹ̀yẹ mi, lọ sórí tábìlì ẹni tó ga jù níbẹ̀. Lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n má lè sọ pé kò dé. Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀: kí wọ́n kọ orúkọ Jẹ́jẹ́ sára òkúta ẹnu ọ̀nà èbúté, láàárín àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fa ìkánjú náà rẹ́ nínú ìwé wọn.

Nígbà tí mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ kọ èyí, o ní, “Bàbá, iṣẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?” Mo mọ ẹ̀rù yẹn, ọmọ mi. Èmi gan-an ni mo fi jogún fún ọ kí n tó kú, mo sì fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Títí wọn yóò fi gbẹ́ orúkọ náà sára òkúta, Ọ̀gá Kékeré ni ó ni ìdajì ilé rẹ. Télọ̀ ti gbà láti máa ṣílẹ̀kùn fún un.

ÌKẸJỌ. Pákó olójú méjì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ti kọ ojú funfun rẹ̀ sí ògiri láti ọjọ́ náà. Mo fi í fún ọmọ mi obìnrin.

Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi. N kò fẹ́ òkúta. Ìyá mi, n kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí nínú ìwé tí lọ́yà máa kà síta. Ó máa ń yára kàwé jù. Ṣùgbọ́n bí o bá wá, ìwọ ni kí o ri pákó náà mọ́ ibi orí mi, ìwọ ni kí o sì yan ojú tí yóò kọ sí ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pupa, kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ léèrè, kí Ọ̀gá Ọ̀dà má sì gbé agolo rẹ̀ débẹ̀. Pupa ló yẹ kí n gbé sókè. Bí o kò bá sì wá, kí wọ́n fi pákó náà sílẹ̀ níbi tó wà. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá ọ yàn.

Àmọ́ bí o bá wá, kọ́kọ́ yà sílé. Gun àtẹ̀gùn. Tẹ ìkẹsàn-án lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé kò ní sí ẹnikẹ́ni lórí àga mọ́. Ṣáà tẹ̀ ẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀bù mi, ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, ní ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Jẹ́jẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i.

ONÍWỌ̀N, káfíńtà

Ẹlẹ́rìí kìíní: Télọ̀ ojúlé kejì. Mo rí i tó fọwọ́ sí i. Mo gba ológbò náà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Nọ́ọ̀sì tó ń bá a tọ́jú orúnkún. Mo rí i tó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Èmi Kúùkù, tí wọ́n ní kí n mú ìwé yìí ṣẹ, mo ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Mo ti fọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà, Oníwọ̀n. Kò mọ́.